Bí A Ṣe Ń Fún Kámẹ́rà Ní Iná Láti Ìta fún Time-lapse Olóṣù Púpọ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sí ojú fèrèsé òkè ní Ìbàdàn, láti máa ya ilé alájà mẹ́ta kan tí wọ́n ń kọ́ ní òdìkejì ọ̀nà, bátìrì méjì péré ni mo ní lọ́wọ́, mo sì gbà pé bí mo bá ń pààrọ̀ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, iṣẹ́ á máa lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá ni àwọn òṣìṣẹ́ da dẹ́kì àkọ́kọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni bátìrì kú ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tí èmi sì wà níbi ìsìnkú kan nílùú mìíràn. Nínú fídíò náà títí di òní, pákó àti irin ni a ń rí, kí a sì tó ṣẹ́jú, dẹ́kì ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń po kọnkéré, àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ru páànù gun àkàsọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ìkankan nínú wọn níbẹ̀.

Time-lapse ni orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ fún irú fídíò yìí: kámẹ́rà kan á dúró sójú kan, á máa ya àwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, bóyá fún ọ̀sẹ̀ kan, bóyá fún ọdún kan, lẹ́yìn náà a ó to àwọn àwòrán náà tẹ̀ léra kí wọ́n lè máa sáré lójú. Bí a bá ń ya àwòrán kan ní ìṣẹ́jú 10 fún wákàtí 12 lójúmọ́, àwòrán 72 ni a ó ní. Bí fídíò bá sì ń fi àwòrán 24 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, odindi ọjọ́ kan di ìṣẹ́jú àáyá 3 péré. Ẹni tó ń wò ó kò ní mọ̀ pé bátìrì ló kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á rí i pé nǹkan kan fò.

Láti ìgbà náà mo ti ya ilé, mo ti ya oko, mo ti ya afárá kékeré kan, ohun tí mo sì mọ̀ dájú báyìí ni pé iná tí ń já ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju iná tí kò tó lọ. Bátìrì ńlá wà lọ́jà, owó ni a ó fi rà á. Ṣùgbọ́n láti orísun iná dé inú kámẹ́rà, ó lè tó ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà tí wáyà ti pàdé wáyà, tàbí tí ẹ̀rọ kan ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ mìíràn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè já. Nítorí náà, bí ẹ ti ń to iṣẹ́ yín, ẹ máa bi ara yín léèrè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé: bí ibí yìí bá já ní aago méjì òru, kí ni yóò gba ipò rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Láti ọdún 2007 ni James Balog, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Extreme Ice Survey ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀ síwájú àwọn òkè yìnyín ní Greenland, Iceland àti Alaska, pẹ̀lú bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì sólà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè máa lọ pààrọ̀ bátìrì lójoojúmọ́. Òtútù àti ìjì ni wọ́n bá jà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ooru ni, eruku ọyẹ́ ni, àti iná ìjọba tí ń lọ tí ń bọ̀.

Bí iná ṣe ń wọ inú kámẹ́rà

Ọ̀nà méjì ni iná láti ìta ń gbà wọlé, kámẹ́rà tí ẹ ní ni yóò sì sọ èyí tí ẹ ó lò.

Ọ̀nà kìíní ni ojú USB. Àwọn kámẹ́rà tuntun kan lè máa mu iná láti ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Sony a7 III, Fujifilm X-T4, Nikon Z5 àti Z6 II, Canon EOS R5 àti R6 wà lára wọn. Ti Canon wọ̀nyí ń fẹ́ ṣájà tó ní Power Delivery, ìyẹn irú USB tó lè gbé iná tó lágbára jáde, ṣájà fóònù lásán kò ní gbé e. Ti Sony ń fẹ́ kí ẹ wọ inú mẹ́nù kí ẹ tan USB Power Supply. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí, nítorí ọ̀tọ̀ ni kí kámẹ́rà máa gba ṣájì, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa fi iná náà ṣiṣẹ́. Sony a6000 lè gba ṣájì láti USB, àmọ́ ìgbà tí ẹ bá pa á nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nikon Z6 àkọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá rí iná kékeré tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà tó sì rò pé ó ti parí, á padà wá bá kámẹ́rà tó ti kú.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ọ̀nà USB ni pé bátìrì kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú ilé rẹ̀. Bí iná ìta bá já, bátìrì yẹn á gbà á lójú ẹsẹ̀, àwòrán kan kò sì ní sọnù. Bí iná bá dé, kámẹ́rà á padà sórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọ̀nà kejì, tó jẹ́ ti kámẹ́rà àtijọ́ púpọ̀, ni ohun tí àwọn olùtajà ń pè ní dummy battery. Bátìrì àfarawé ni mo ń pè é: ike ni, ó rí gẹ́lẹ́ bíi bátìrì kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò fi iná kankan pamọ́ sínú, irin tí iná ń gbà kọjá nìkan ló wà níbẹ̀, wáyà kan sì ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Canon ń pe tirẹ̀ ní DR-E6 fún àwọn kámẹ́rà tó ń lo bátìrì LP-E6, DR-E8 fún LP-E8 bíi ti 600D àti 700D, àti DR-E10 fún LP-E10 bíi ti 1300D àti 2000D. Ti Nikon ni EP-5A fún bátìrì EN-EL14 àti EP-5B fún EN-EL15. Àwọn tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ wọn gan-an pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì dín owó gan-an, mo sì ti lo méjì nínú wọn fún oṣù mọ́kànlá láìsí wàhálà.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilé bátìrì kámẹ́rà yín dáadáa: ẹ ó rí rọ́bà kékeré kan, tí kò ju èékánná ọmọ-ìka lọ, tí a lè fi orí èékánná ṣí. Ibẹ̀ ni wáyà ń gbà jáde. Ẹ tẹ wáyà náà wọ ojú ihò yẹn kí ẹ tó ti ìlẹ̀kùn, nítorí pé bọ́tìnnì kan wà tí ìlẹ̀kùn náà ń tẹ̀ nígbà tí ó bá pa dé. Bí kò bá pa dé, kámẹ́rà kò ní tàn. Bí wáyà bá wá há sí ẹnu ìlẹ̀kùn, ó lè tàn lónìí, kí oòrùn mú ike rọ̀ lọ́la, kí ìlẹ̀kùn sún díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì pa. Ibi àkọ́kọ́ tí iná ti ń já nìyẹn, owó kò sì sí nínú àtúnṣe rẹ̀: àfarabalẹ̀ nìkan ni.

Bátìrì àfarawé kò ní ohun ìpamọ́ kankan. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí iná ìta bá já, kámẹ́rà ti kú. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ gbé ohun ìpamọ́ náà sí ìta, kí bátìrì ńlá kan máa wà lójú ọ̀nà nígbà gbogbo.

Fólítì, àti ẹnu tí kò gbọdọ̀ ṣì

Lára ọ̀pọ̀ bátìrì kámẹ́rà, 7.2 tàbí 7.4 fólítì ni wọ́n kọ. Sẹ́ẹ̀lì lithium méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń tó 8.4 fólítì nígbà tí wọ́n bá kún. Àdápútà Canon tó wà fún DR-E8 àti DR-E10 ń gbé 7.4 fólítì jáde, èyí tó wà fún DR-E6 sì ń gbé 8 jáde. Bí àdápútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà yín bá kọ òǹkà mìíràn sára, òǹkà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fún àwọn Canon wọ̀nyí, ẹ má ṣe kọjá 8.4 láéláé. Ẹni tó bá so bátìrì ọkọ̀ 12 fólítì mọ́ ọn tààrà á jó ohun tó wà nínú kámẹ́rà.

Láti bátìrì 12 fólítì sí kámẹ́rà, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń dín fólítì kù ni a nílò. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ ń pè é ní buck converter, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni LM2596, pátákó kékeré tí kò tó ìka méjì ní fífẹ̀, tó ní ìdè bàbà róbótó kan lórí àti ṣúkúrú góòlù kan lára àpótí búlúù kékeré. Ṣúkúrú yẹn ni ẹ ó máa yí. Ẹ so ó mọ́ bátìrì 12 fólítì, ẹ fi ẹnu mítà tí ń ka fólítì (multimeter) sí ibi tí iná ti ń jáde, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ka 7.8. Ẹ lè ní láti yí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí òǹkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún, ẹ má ṣe kánjú. Nígbà tó bá ti dúró síbẹ̀, ẹ kán ọ̀dà èékánná obìnrin díẹ̀ sórí ṣúkúrú náà kí ó gbẹ lé e lórí, kí ìgbọ̀n-rìrì ọkọ̀ tàbí ti ẹ̀rọ kọnkéré má baà yí i padà. Ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ tó mú kámẹ́rà sún mọ́ ọn.

Kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, ẹ fi mítà yẹ ẹnu pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù wò lórí bátìrì àfarawé fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe gba àwọ̀ wáyà gbọ́. Mo ti ra wáyà tí pupa rẹ̀ jẹ́ nẹ́gétíìfù rí. Ọpẹ́ ni pé mo ti fi mítà kàn án kí n tó tì í wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kámẹ́rà náà ì bá ti bàjẹ́ lójú mi. Ẹ sì fi fíúsì kan sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì ńlá gan-an, bíi ti áḿpìà 3, kí ó má baà jẹ́ wáyà ni yóò jóná bí eku bá jẹ ẹ́.

Ìṣirò: ẹ wọn kí ẹ tó rà

Ẹ̀ka yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì jù. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún yín iye iná tí kámẹ́rà yín ń jẹ, nítorí pé bí ẹ ṣe tò ó ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tí kò ṣe iṣẹ́: ìfihàn àwòrán lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà á, Wi-Fi, Bluetooth, GPS, ìdúróṣinṣin lẹ́ńsì, àti wíwá ojú àwòrán fúnra rẹ̀ (autofocus). Ẹ fi Auto power off sí ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí ìṣẹ́jú 1 kí kámẹ́rà lè máa sùn láàárín àwòrán kan sí èkejì. Kámẹ́rà àtijọ́ onídígí, irú èyí tí a ń pè ní DSLR, ń sùn dáadáa, kì í jẹ nǹkan tó pọ̀ nígbà náà. Àwọn tuntun tí kò ní dígí ń tan sẹ́ńsọ̀ àti ojú wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà lójúfò, wọ́n sì ń jẹun jù. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́: fún iṣẹ́ olóṣù púpọ̀, Canon 700D àlòkù tẹ́ mi lọ́rùn ju kámẹ́rà olówó gọbọi lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà tí ń ka wáàtì-wákàtí sí àárín orísun iná àti kámẹ́rà, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún odindi wákàtí 24 bí yóò ti ṣe ṣiṣẹ́ lóko. Wáàtì-wákàtí ni iye iná tí ohun tó ń jẹ wáàtì 1 yóò jẹ ní wákàtí 1. Ká ní ó ka 36. Àdánù inú ẹ̀rọ àti wáyà wà, ẹ fi ìdá mẹ́rin kan kún un, ẹ pè é ní 45 lójúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí kámẹ́rà lè lo ọjọ́ 4 láìsí oòrùn àti láìsí NEPA, 180 ni ẹ nílò. Bátìrì ásíìdì, irú ti ọkọ̀ tàbí ti íńfátà, kò fẹ́ kí a lo ju ìdajì rẹ̀ lọ kó tó gba ṣájì mìíràn, nítorí náà 360 ni kí ẹ rà, èyí tó jẹ́ 30 Ah (áḿpìà-wákàtí) ní 12 fólítì. Bátìrì lithium irú LiFePO4 gbà kí a lo bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, 18 Ah sì lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì ń pẹ́ láyé.

Power bank ńkọ́? Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí, fólítì 3.7 tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ni wọ́n fi kà á, nítorí náà wáàtì-wákàtí 74 ló wà nínú rẹ̀, bíi 60 ni yóò sì dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà lẹ́yìn àdánù. Fún ọjọ́ kan, ó dára. Ṣùgbọ́n ó ní àìsàn kan tí àwọn olùtajà kì í sọ: bí ohun tó ń mu iná lára rẹ̀ bá ń mu díẹ̀ jù, power bank á rò pé fóònù ti kún, á sì pa ara rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń sùn láàárín àwòrán ń mu díẹ̀ gan-an. Bí power bank bá ti pa, kò ní tan títí ẹnìkan yóò fi tẹ bọ́tìnnì. Oru méjì ni mo fi pàdánù àwòrán ìràwọ̀ kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ipò pàtàkì fún ohun kékeré bíi ẹ̀rọ etí aláìníwáyà (earbuds), ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ń jáde kúrò nínú ipò náà fúnra wọn lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tún wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá kì wọ́n mọ́ iná, ní ìṣẹ́jú tí NEPA bá dé tàbí tí ó bá lọ, wọ́n á gé iná kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí wọ́n tó yí padà. Ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ti tó.

Ẹ ṣe é bíi ti amù

Nínú ilé tí amù wà, ẹnikẹ́ni kì í lọ gbé ẹnu sábẹ́ òrùlé nígbà òjò. Inú amù ni a ti ń bu mu, òjò ní tirẹ̀ sì ń kún amù nígbàkúgbà tó bá rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ to iná kámẹ́rà. Ẹ má ṣe fi àdápútà so kámẹ́rà mọ́ iná NEPA tààrà, kí ẹ wá máa wá jẹnẹrétọ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Kámẹ́rà á máa mu láti inú bátìrì 12 fólítì nígbà gbogbo, tọ̀sántòru. NEPA tàbí sólà á máa kún bátìrì náà nígbà tó bá dé. Kámẹ́rà kò ní mọ̀ pé wọ́n mú iná lọ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ nínú iná ńlá tó máa ń já wọlé nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé. Ṣájà tí ẹ ó fi sílẹ̀ lórí bátìrì ásíìdì fún oṣù púpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ sí nǹkan bí 13.6 fólítì nígbà tí bátìrì bá ti kún. Ṣájà ọ̀dọ̀ rẹ́wáyà tí kò mọ̀gbà tó ń dáwọ́ dúró á gbẹ omi inú rẹ̀. LiFePO4 ní ṣájà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá wà lóko, pánẹ́ẹ̀lì sólà ni òjò yín. Ìṣirò wa ń fẹ́ 45 lójúmọ́. Ẹ má ṣe fi oòrùn oṣù kejì ṣe ìṣirò, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni kí ẹ rò, nígbà tí òfuurufú Ìbàdàn máa ń ṣú láti àárọ̀ di alẹ́. Bí a bá kà á sí wákàtí oòrùn gidi 2.5 lójúmọ́, 18 wáàtì ni ìṣirò yóò sọ, ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì 50 wáàtì ni èmi yóò gbé lọ, torí pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta òjò ó gbọ́dọ̀ lè bọ́ kámẹ́rà kí ó sì tún kún àléébù àtẹ̀yìnwá. Ẹ dojú rẹ̀ kọ gúúsù, kí ẹ sì gbé e ga díẹ̀, bí ìwọ̀n 10 sí 15. A kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà kò nílò kí ó dúró gangan. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀ kí ó sì fọ eruku lọ. Kọ̀ntírólà gbọ́dọ̀ wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, nítorí pé pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pè ní 12 fólítì ń gbé nǹkan bí 18 jáde bí oòrùn bá mú.

Wáyà, àpótí, àti ooru

Ní ìṣẹ́jú àáyá tí dígí kámẹ́rà gbéra tí ẹnu rẹ̀ sì ṣí, ó lè mu tó áḿpìà 2 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wáyà bá tẹ́ẹ́rẹ́, fólítì á ṣubú ní ìgbà yẹn, kámẹ́rà á sì sọ pé bátìrì ti tán nígbà tí bátìrì ńlá kún dẹ́nu. Ẹ wo òǹkà rẹ̀: lórí wáyà bàbà tó jìn tó mítà 10, tó nípọn tó 1.5 mm² tí oníná ń lò fún gílóòbù ilé, áḿpìà 2 ń pàdánù bí ìdajì fólítì kan. Lórí wáyà 0.2 mm² tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ó ń pàdánù 3.5. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń dín fólítì kù sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, kí ó jẹ́ pé 12 fólítì ni yóò rin ìrìn jíjìn, kí 7.8 má rìn ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ibi tí wáyà bá ti pàdé wáyà, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. Téèpù tí a wé mọ́ ìlọ́po wáyà máa ń tú nínú ooru, àwọn ibi tí mo ti rí tí iná já jù ni ibẹ̀.

Kámẹ́rà púpọ̀ ni ilé-iṣẹ́ wọn kọ ọ́ pé kí wọ́n má ṣiṣẹ́ nínú ooru tó ju ìwọ̀n 40 lọ. Nínú àpótí dúdú tó wà nínú oòrùn ọ̀sán, ó lè ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ kun àpótí ní funfun, ẹ fi pákó tàbí páànù kékeré ṣe òrùlé sókè rẹ̀, kí àlàfo wà láàárín òrùlé náà àti àpótí kí atẹ́gùn lè kọjá. Bátìrì ásíìdì kò gbọdọ̀ bá kámẹ́rà gbé àpótí kan náà, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba ṣájì lè gbiná. Àpótí tirẹ̀ á wà nísàlẹ̀, níbi òjìji, pẹ̀lú ihò atẹ́gùn àti àgádágodo. Kí wáyà tó wọ ihò àpótí, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ ju ihò náà lọ kí ó tó gòkè wọlé, kí omi òjò tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán dànù níbi tó ti tẹ̀. Ẹ di ihò náà pa yíká wáyà. Agbọ́n ti kọ́lé sínú ihò tí mo fi sílẹ̀ rí, èèrà sì fẹ́ràn ibi tí pátákó ẹ̀rọ bá ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́.

Nígbà tí iná bá padà dé

Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbà pé ọjọ́ kan yóò wà tí iná yóò já pátápátá. Ìbéèrè ni pé: nígbà tó bá padà dé, ṣé kámẹ́rà á mọ ohun tó kàn? Aago tí ń ka àkókò àwòrán nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sábà máa ń gbàgbé iṣẹ́ bí iná bá ti lọ. Nítorí náà ni mo fi ń lo aago ìta, irú èyí tí a ń fi wáyà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, tó ní bátìrì kékeré tirẹ̀. Yóò máa tẹ kámẹ́rà lọ bí kámẹ́rà tilẹ̀ kú, bí iná bá sì padà, tí bọ́tìnnì títàn kámẹ́rà ṣì wà lórí ON, àwòrán tó kàn á jáde. Ẹ fi ìgbà títẹ̀ rẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá 1 tàbí 2 kí kámẹ́rà tó ń sùn lè ráyè jí.

Lẹ́ńsì tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ti kámẹ́rà tuntun ń fi mọ́tò sún ojú rẹ̀, kódà nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ yí i. Bí iná bá lọ tó sì dé, kò ní rántí ibi tí ẹ fi í sí, gbogbo àwòrán tó kù á sì rí bàìbàì. Lẹ́ńsì àtijọ́ tí òrùka rẹ̀ ń yí ojú gíláàsì tààrà ni kí ẹ lò, kí ẹ fi í sí MF, ìyẹn ibi tí a ti ń fọwọ́ yí ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù dè é.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun lọ, ẹ tò gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yọ ṣájà kúrò lára iná. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ yọ bátìrì ńlá fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ dá a padà, kí ẹ má sì fọwọ́ kan kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwòrán inú káàdì. Bí iye tó sọnù bá ju ti ìṣẹ́jú 20 yẹn lọ, ẹ kò tíì ṣetán.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù kí oòrùn tó kan pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ fi mítà ka bátìrì. Bí ti ásíìdì bá ka 12.5 ní òwúrọ̀, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ń ka 12.1 tó sì ń lọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì kéré tàbí eruku ti bò ó. Ẹ nu pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ wá pààrọ̀ káàdì. Ibí yìí ni ìdí tí mo fi ń wá 700D tí n kì í lo 1300D: ẹ̀gbẹ́ ni káàdì 700D wà, ẹ lè fà á yọ láìfọwọ́ kan ìsàlẹ̀ kámẹ́rà. Ti 1300D wà nínú ilé bátìrì nísàlẹ̀, nítorí náà láti yọ káàdì, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn bátìrì, iná á lọ, bí orí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà dúró lé (tripod) bá sì bo ìlẹ̀kùn náà, ẹ gbọ́dọ̀ tú kámẹ́rà kúrò lójú ibi tó ti ń wo iṣẹ́ náà láti oṣù mẹ́ta. Ẹ pa kámẹ́rà ní bọ́tìnnì rẹ̀ láàárín àwòrán méjì, ẹ fi ìka méjì pààrọ̀ káàdì, ẹ tàn án padà, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn àwòrán tó kàn.